Awò Abẹ́ Omi Méjì

Gbogbo àdúgbò Òfin ní Ṣàgámù ló mọ̀ pé Hussain oníṣòwò obì kì í ra nǹkan ní ẹyọ kan. Bó bá ra fìlà, méjì ni. Bó bá ra aago ọwọ́, méjì ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ òun àti Hassan, ìbejì rẹ̀: ohun tí wọ́n bá ṣe fún ọ̀kan, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é fún èkejì. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ pa Hassan lọ́dún tó kọjá, síbẹ̀ Hussain ò jáwọ́. Ti Hassan á wọ inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, Modúpẹ́ ìyàwó Hussain á sì máa gbálẹ̀ yí àpótí náà ká. Kò bá a jà sí i rí.

Àfi ìgbà tí awò ojú tí wọ́n fi ń wo abẹ́ omi wọlé. Méjì, dúdú méjèèjì.

Ìdí tẹlifíṣọ̀n ni àwọn ìbejì ti jọ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń fi orí ru obì: lọ́jọ́ kan, àwọn á lọ sí erékùṣù Sansibá, àwọn á sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ òkun lọ kí ẹja nílé. Ọmọ Rẹ́mọ tí kò ní òkun lẹ́yìnkùlé! Ní báyìí, Hussain ti gba ìwé ìrìnnà, ó ti mú oṣù tí òkun ibẹ̀ máa ń rọlẹ̀. Bàbá onírùngbọ̀n funfun yìí sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí lábẹ́ omi lọ́dọ̀ olùkọ́ kan, Olúdọ̀tun, ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ògèrè.

Ẹ̀rù ba Modúpẹ́, kì í sì í ṣe ẹja ló ń bà á lẹ́rù. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ, èkejì a máa wá ọ̀nà tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ó lọ bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ṣa obì tí kòkòrò jẹ kúrò nínú agbọ̀n.

"Bàbá Tawfiq, ẹ má bínú. Ṣé òkun lẹ fẹ́ lọ wò ni, àbí Hassan lẹ fẹ́ lọ bá?"

Hussain ju obì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó mú òmíràn. "N ò mọ̀," ló wí.

Irọ́ ì bá sàn ju ìdáhùn yẹn lọ. Lọ́jọ́ kejì Modúpẹ́ tẹ̀ lé e lọ sí Ògèrè, kó lè bẹ olùkọ́ pé kó lé e padà. Kò tíì la ẹnu tí Olúdọ̀tun ti ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá, mo ti sọ fún yín, ẹnikẹ́ni kì í dá sọ̀kalẹ̀. Ẹni méjì-méjì ni. Ọ̀kan ń ṣọ́ èkejì, bí ọ̀kan bá sì ní ó tó, àwọn méjèèjì ló ń gòkè. Ta ni èkejì yín?"

Hussain tẹjú mọ́ àpò tó fi gbé awò méjèèjì wá.

Bí Modúpẹ́ bá dákẹ́, ìrìnàjò náà ti bà jẹ́ nìyẹn, ohun tó sì bá wá gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin yìí á padà sílé, á jókòó ti agbọ̀n obì, á sì máa wá ọ̀nà mìíràn. Modúpẹ́ bọ́ bàtà, ó wọ inú omi tòun ti aṣọ ọrùn rẹ̀. Nígbà tí omi dé orúnkún, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Ẹ mú awò ti Hassan wá," ó wí.

Okùn awò náà tóbi fún un. Hussain ló bá a fà á mọ́ orí.

"Bí mo bá ní ó tó, ẹ̀yin náà á gòkè?"

"Màá gòkè," Hussain wí, ó sì bú sẹ́kún.