Ìgò Yanrìn Saidon Aṣọ́nà

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Saidon ọmọ Kulop fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ wa, kò sì fọhùn nínú gbọ̀ngàn náà rí. Kì í ṣe pé ó yadi. Òfin Ilé ló wí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ará ìlú kò dìbò yàn kò gbọdọ̀ la ẹnu níbẹ̀. Wọ́n lè ní kó gbé omi wá, kó gba ìwé lọ́wọ́ ọnọ́rébù kan fún òmíràn, kó gbé ọ̀pá àṣẹ ṣíwájú Abẹnugan wọlé, ṣùgbọ́n ìta ni yóò fi ohùn rẹ̀ sí pẹ̀lú agbòjò. Mo mọ àwọn ọnọ́rébù kan tí òfin náà ìbá bá mu ju Saidon lọ, ṣùgbọ́n àwọn yẹn gan-an ni wọ́n ń fún láyè kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ títí oorun yóò fi kun gbogbo ènìyàn.

Ọmọ apẹja ni Saidon, ará Kampung Teluk Serai, abúlé onílé pákó kan létí odò, ìrìn wákàtí kan nínú ọkọ̀ ojú omi sí olú ìlú. Gíga rẹ̀ ló bá a wáṣẹ́. Ẹni tí èjìká rẹ̀ dọ́gba ni wọ́n ń wá, kí ọ̀pá àṣẹ má baà tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, Saidon, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, sì dúró ṣánṣán. Wọ́n fún un ní aṣọ dúdú, fìlà dúdú àti kọ́kọ́rọ́ kan. Ìyá rẹ̀ pa adìyẹ mẹ́ta. Láti ìgbà náà ni Deris, aládùúgbò rẹ̀ tó ń sin adìyẹ, ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ nígbàkígbà tó bá wálé lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Saidon, ìwọ tí o ń tilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọnọ́rébù, wá bá mi ti ilé adìyẹ mi o. Ọwọ́ tèmi ò níyì tó."

Iṣẹ́ kan wà nínú iṣẹ́ Saidon tó fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Bí àríyànjiyàn bá dé ojú ẹ̀, tí "bẹ́ẹ̀ ni" àti "bẹ́ẹ̀ kọ́" ń dún bákan náà létí, Abẹnugan á ní kí wọ́n ka orí. Saidon á tẹ agogo, agogo á dún káàkiri ọgbà, dé mọ́sálásí, dé kantíìnì tó wà lódìkejì pápá. Á wá dojú ìgò yanrìn kan délẹ̀ lórí tábìlì kékeré ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, yanrìn á sì máa ṣàn láti òkè rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì. Bí yanrìn bá ti tán, á ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó wà nínú ilé ló dìbò. Ẹni tó wà níta, bó ṣe ọmọ ọba ni, ìta ló wà.

Bí yanrìn ṣe ń ṣàn, Saidon á máa ka Kulhuwallahu, súrà kúkúrú inú Àlùkùránì, lábẹ́ ahọ́n. Kò yára, kò fà á. Ogún gééré ló máa ń kà kí yanrìn tó tán, láti ọdún tó ti dé ibẹ̀. Ó wá fi mọ ibi tí oníkálukú ń gbà bọ̀ àti bí ẹsẹ̀ wọn ṣe yá tó. Normadiah, ọnọ́rébù tó ń ṣojú àwọn ará etí odò, kì í wọlé ṣáájú ẹlẹ́ẹ̀kejìdínlógún. Olùkọ́ ilé ìwé ni obìnrin yìí tẹ́lẹ̀, ó sanra, orúnkún ọ̀tún ń dùn ún, kò sì sí bí ọ̀rọ̀ ìlú ṣe lè le tó tí kò ní í lọ mu kọfí ní kantíìnì. Yóò mí hẹlẹ dé ẹnu ọ̀nà, yóò sì rọra béèrè pé, "Ó kù mélòó, Bàbá?" Saidon kò lè fọhùn, ìka méjì ló máa ń nà. Normadiah á rẹ́rìn-ín, á wọlé. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún tí Saidon fẹ́ fẹ̀yìn tì, tó ku oṣù mẹ́rin, ìjọba gbé àbádòfin ilẹ̀ etí odò wá. Tẹ́lẹ̀, bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀ abúlé kan, àfi kí wọ́n gbé orúkọ abúlé náà wá síwájú Ilé, kí wọ́n jiyàn lé e lórí, kí àwọn onílẹ̀ jókòó sókè níbi ìjókòó àlejò kí wọ́n máa gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé Teluk Serai wá bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni Ilé dà á nù. Àbádòfin tuntun yìí ní kí wọ́n má ṣe gbé e wá mọ́. Kí olórí ìjọba buwọ́ lù ú nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó parí.

Gbogbo ìlú ló ti ka orí. Méjìlá wà lẹ́yìn àbádòfin náà, mẹ́tàlá kò fẹ́ ẹ, nítorí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ìjọba fúnra wọn ti yarí. Aṣọ́nà kì í gbè sápá kan, Saidon sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibojì bàbá rẹ̀ wà ní Teluk Serai, ilé tí òun àti Zabedah ìyàwó rẹ̀ fẹ́ gbé lọ́jọ́ ogbó wà níbẹ̀, oúnjẹ kò sì lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

"Mẹ́tàlá pọ̀ ju méjìlá lọ," Zabedah ń wí. "Jẹ ìrẹsì rẹ, jàre."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn náà, Fadhlan, akọ̀wé ọ́fíìsì Abẹnugan, wá bá Saidon nínú yàrá kékeré tó ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ara rẹ̀ máa ń ta sánsán, kì í pariwo. Ó gbé ìgò yanrìn tuntun kan lọ́wọ́.

"Bàbá Saidon, ẹ bá wa lo èyí láti òní lọ. Ti àtijọ́ ti sán."

Saidon gbé ti àtijọ́ sókè sí ojú fèrèsé, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀. Kò rí ibi tó ti sán. Fadhlan gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Saidon wá dojú ti tuntun délẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Kulhuwallahu. Nígbà tó pé mẹ́rìndínlógún, yanrìn tán. Ó rò pé òun ló ṣìṣe. Ó tún un kà, ó rọra kà á. Mẹ́rìndínlógún ni. Ó gbé ìgò náà, ó wá Fadhlan lọ sí ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, yanrìn yìí ń sáré."

"Yanrìn ló ń sáré, Bàbá, àbí àdúrà yín ló ti ń falẹ̀?"

"Mo ti kà á ẹ̀ẹ̀mejì, ọ̀gá. Kò tó ìṣẹ́jú méjì."

Fadhlan ṣí ìwé ìlànà Ilé, ó yí i sí Saidon. "Ẹ bá mi ka ibí yìí. Kí ló wí? 'Kí agogo dún títí yanrìn yóò fi tán, kí aṣọ́nà sì ti ilẹ̀kùn.' Níbo ni ẹ ti rí ìṣẹ́jú níbẹ̀?"

Saidon kò rí i. Kò sí níbẹ̀ lóòótọ́.

"Oṣù mẹ́rin ló kù fún yín," Fadhlan wí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n láìsí àbàwọ́n kankan. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ parí ẹ̀ láyọ̀."

Àdúrà ni, àbí kí la fẹ́ pè é? Saidon ṣe àmín, ó sì jáde.

Wọ́n ti sọ fún gbogbo ọnọ́rébù pé ọ̀la ni wọn yóò dìbò. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n kírun Àsárì tán, Normadiah àti méjì nínú àwọn tí kò fẹ́ àbádòfin náà gba kantíìnì lọ. Saidon dúró sí àyè rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé kò sí ẹnì kan nínú àwọn méjìlá tó kúrò níjòókòó. Àní èyí tó máa ń sùn láti ìrun Àsárì títí di ìparí ìjókòó, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ka ọwọ́ lé itan. Kò pẹ́ tí ọ̀kan nínú wọn fi dìde, ó ní ọ̀rọ̀ ti tó, kí wọ́n ka orí. Abẹnugan kò tilẹ̀ ronú sí i.

"Aṣọ́nà, lu agogo."

Saidon tẹ agogo, ó dojú ìgò délẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tó dé ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn kantíìnì gbá lódìkejì pápá. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrìnlá, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ọ̀nà ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ kan wúwo ju èkejì lọ. Ó mọ orúnkún náà. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹrìndínlógún, yanrìn tán.

"Aṣọ́nà," Abẹnugan wí.

Kọ́kọ́rọ́ lè bọ́ lọ́wọ́ àgbàlagbà. Kò sẹ́ni tí yóò bi í. Bó bá bẹ̀rẹ̀ mú un nílẹ̀, tó fọwọ́ wá a díẹ̀, wọn yóò ti wọlé. Saidon ro gbogbo rẹ̀ já. Mi ò ní í bo ọ̀rọ̀ fún un: ẹ̀rù ló bà á. Ọwọ́ tó ti ń ti ilẹ̀kùn náà láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tì í, kọ́kọ́rọ́ yí, ó ké gbì.

Ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn bí ìlànà ṣe wí. Wọ́n kàn án lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ ọ nínú egungun ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni ohùn Normadiah wọlé láti àlàfo pákó, ohùn ẹni tó ṣì rò pé àwàdà ni.

"Bàbá, èmi ni. Ó kù mélòó?"

Kò sí ìka kankan tó lè nà sí i.

Méjìlá fọwọ́ sí i, mẹ́wàá kò fọwọ́ sí i. Abẹnugan kéde rẹ̀. Gbogbo ohun tí ìbá yí i padà kò ju gbólóhùn kan lọ, ẹnu ẹni tí òfin ní kó dákẹ́ ló sì wà. Saidon ṣí ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n ní kó ṣí i. Normadiah kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò wo ojú rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìwé ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í pe obìnrin náà ní Ọnọ́rébù Kọfí. Àwọn ọmọdé etí odò ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà náà ń pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lọ láti abúlé dé abúlé, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní ẹ̀bi òun ni, òun pẹ́ nídìí ife. Saidon gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó panu mọ́. Zabedah nìkan ló sọ fún. Ìyẹn wò ó títí.

"Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," ó ní. Kò sì tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí Saidon fẹ̀yìn tì, Fadhlan fún un ní àpótí kékeré kan tí wọ́n tẹ́ aṣọ pupa sínú rẹ̀. Ìgò yanrìn àtijọ́ ló wà níbẹ̀. "Ìrántí ni, Bàbá. Ẹ ti ṣiṣẹ́ fún un." Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Kò sán síbì kan. Saidon gbé e dé Teluk Serai, Zabedah sì gbé e ka ẹ̀gbẹ́ ààrò, ó ń fi í se ẹyin alábọ̀sè: ìgò méjì, ẹyin á ti rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe fẹ́ ẹ.

Oṣù kẹta lẹ́yìn náà ni àwọn awọnlẹ̀ dé. Wọn kò bínú, wọn kò pariwo. Wọ́n ń kan èèkàn tí wọ́n kùn ní pupa mọ́lẹ̀ láti etí odò wá, ọ̀kan gba àárín ibojì, ọ̀kan wọ ọgbà adìyẹ Deris. Èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ̀yìn ilé ìdáná Zabedah ni wọ́n kàn án mọ́. Àwọn ará abúlé ránṣẹ́ sí Normadiah, ó wá. Ó ṣàlàyé fún wọn pé kò sí ibi tí òun lè gbé e lọ mọ́, Ilé kò ní í gbọ́ ọ mọ́ láé. Ẹnì kan nínú wọn kígbe "Kọfí!"

Zabedah ló mú Normadiah wọ ilé ìdáná, níbi tí Saidon wà, kó wá jókòó. Ó gbé ife kọfí síwájú rẹ̀, Normadiah kò fọwọ́ kàn án. Zabedah sọ ẹyin sínú omi gbígbóná, ó dojú ìgò délẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Normadiah ń wo yanrìn. Olùkọ́ ni, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí yanrìn tán, ó tún wo aago náà, ó sì na ọwọ́, ó dojú ìgò náà délẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì tún wò ó tán.

"Ìṣẹ́jú méjì," ó ní. "Bàbá, ti Ilé nìyí?"

"Ti àtijọ́ ni, Ọnọ́rébù."

"Èyí kọ́ ni ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Òun kọ́."

"Ẹ sì mọ̀."

"Mo mọ̀."

Normadiah na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ síwájú, ó ń wo orúnkún náà. Inú kò bí i, ìyẹn ló burú jù. "Láti ọjọ́ yẹn, Bàbá, mi ò mu kọfí mọ́. Mo ń lọ sọ́dọ̀ dókítà lórí ẹsẹ̀ yìí. Mo ti tún ọ̀nà kantíìnì yẹn rìn láìmọye ìgbà. Mo ní ó ní láti jẹ́ pé mo ti ń darúgbó."

Saidon sunkún. Kò tilẹ̀ gbìyànjú láti fi pamọ́. Obìnrin náà jẹ́ kó sun ún, lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí ìta níbi tí ohùn àwọn ènìyàn ti ń bọ̀.

"Nínú Ilé, òfin ló ní kẹ́ ẹ má fọhùn. Ẹ ò sí nínú Ilé mọ́."

Saidon jáde sórí àtẹ̀gùn. Ó tó ogójì ènìyàn tó wà nílẹ̀, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń dúró dè é. Kò sírú ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún wọn, láti orí ìgò tuntun dé orí kíkàn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má pe obìnrin yìí ní orúkọ yẹn mọ́. Kò sẹ́ni tó bú u. Létí odò, òòlù àwọn awọnlẹ̀ kò dáwọ́ dúró.

Deris ló sọ̀rọ̀ níkẹyìn, ohùn rẹ̀ kò ní ẹ̀fẹ̀ kankan nínú.

"Saidon, tí o wá sọ ọ́ báyìí, ṣé wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn náà fún wa?"

Kò sẹ́ni tó mọ ìlànà Ilé tó Saidon ní gbogbo etí odò.

"Rárá," ó ní. "Ìbò tí wọ́n bá ti kà, wọn kì í ṣílẹ̀kùn fún un mọ́."

Deris mi orí. Ó dúró díẹ̀ sí i, bóyá ọ̀rọ̀ mìíràn ṣì wà, lẹ́yìn náà ó padà sílé rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn adìyẹ rẹ̀ sínú agbọ̀n.