Bí Àǹtí Awò Ṣe Kàwé Ìràwọ̀

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni obìnrin yìí fi gé dígí ojú kó tó di ọmọ yunifásítì. Ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ dígí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, omi ń kán sí i kó má baà gbóná, àwọn férémù tí kò tíì ní dígí sì so rọ̀ lára ìṣó lókè orí rẹ̀. Iṣẹ́ náà ti mọ́ ọn lọ́wọ́ débi pé ó lè máa gé dígí kó sì máa bá oníbàárà ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó mọ bí dígí ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá bi í pé kí ni ìmọ́lẹ̀ náà gan-an, ẹnu rẹ̀ á wọhò. Nígbà tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì, ó gba fọ́ọ̀mù, ó ṣe ìdánwò ìwọlé, wọ́n sì mú un. Ẹ̀kọ́ tó yàn ni ìmọ̀ ìràwọ̀ pọ̀ mọ́ fisíìsì.

Bàbá rẹ̀, awakọ̀ akẹ́rù tó ti fẹ̀yìn tì, gbé kọ́ọ̀pù tíì rẹ̀ kalẹ̀ nígbà tó gbọ́.

“Ìràwọ̀ ta ni o fẹ́ lọ máa wò?”

“Kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, Bàbá. Àwọn tó wà lójú ọ̀run ni.”

“Wọ́n á sì fún ọ ní ìwé ẹ̀rí lórí ìyẹn?”

“Wọ́n á fún mi, bí mo bá yege.”

“Ó dáa. Ìṣirò ńkọ́?”

Bàbá ti tẹ ojú egbò.

Ìṣirò yẹn ló sì kọ́kọ́ fojú rẹ̀ rí màbo. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni, ìṣirò ṣì gbóná lọ́wọ́ wọn; tirẹ̀ ti dípẹtà. Ó fìdí rẹmi lọ́dún àkọ́kọ́. Ó tún un ṣe lọ́dún kejì, ó tún fìdí rẹmi. Lọ́jọ́ Jímọ̀ àti Sátidé ó ń gé dígí ní ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló fi ń lọ sí kíláàsì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Àǹtí Awò. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Kíákíá nítorí bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ó mọ ìṣirò bí ẹni mowó. Òun ló ń kọ́ Àǹtí Awò lábẹ́ àtẹ̀gùn, láàárín kíláàsì kan sí òmíràn.

“Àǹtí, ẹ má há a sórí mọ́. Ẹ bi í pé kí ló ń wá.”

“Ta ni kí n bi?”

“Ìṣirò náà.”

“Mo ti ń bi í láti èṣí. Kì í dá mi lóhùn.”

Ní ọdún kẹta, wọ́n gbé iṣẹ́ oòrùn fún wọn. Awò ńlá kan tí wọ́n fi ń wo ohun tó jìnnà wà lórí òrùlé pẹrẹsẹ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fojú sí i lọ́sàn-án, nítorí oòrùn á fọ́ ọ lójú. Ńṣe ni wọ́n ń jẹ́ kí àwòrán oòrùn bọ́ sórí pépà funfun. Lórí pépà náà ni wọ́n á ti fi pẹ́ńsù ya àwọn àmì dúdú tó wà lára oòrùn, lójoojúmọ́, kí wọ́n lè ṣírò iye ọjọ́ tí oòrùn fi ń yí po.

Àwòrán náà kò mọ́lẹ̀ kedere. Etí rẹ̀ rí bàìbàì, bí ẹni ń wo nǹkan láti inú omi. Lẹ́kíṣọ̀ tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ yìí ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti rí bẹ́ẹ̀, ó ní awò ọ̀hún ti gbó. Àwọn ọmọ kíláàsì ṣí ìwé, wọ́n wo bí àmì oòrùn ṣe máa ń rí, wọ́n sì ya méje, mẹ́jọ. Àǹtí Awò ya mẹ́ta tó rí. Wọ́n fún un ní máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá.

Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Nígbà tí àwọn yòókù ti sọ̀ kalẹ̀, ó da ẹnu awò náà kúrò lójú oòrùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ dígí iwájú rẹ̀. Fèrèsé ilé tó kọjú sí òrùlé náà hàn nínú dígí náà, ó tóbi. Ara rẹ̀ balẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí iṣẹ́ tó mọ̀ nìyí. Ojú dígí tó yọ ikùn jù ló yẹ kó kọ sójú ọ̀run; lára irú ojú bẹ́ẹ̀, fèrèsé náà ì bá kéré. Ẹnì kan ti tú dígí yìí, ó sì ti dè é padà sódì.

Ẹni náà kò ṣòroó mọ̀. Bàbá Láàbù ló ń tọ́jú gbogbo irinṣẹ́ wọn láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ó sì ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì. Bí Àǹtí Awò bá gba ọ̀dọ̀ lẹ́kíṣọ̀ lọ tààrà, ọ̀rọ̀ á di ẹjọ́. Ó lọ bá bàbá náà ní yàrá irinṣẹ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ tú iwájú awò òkè kẹ́yìn?”

“Kí ló dé?”

“Mo rò pé dígí rẹ̀ kẹ̀yìn sóde ni, sà.”

Bàbá Láàbù kò gbójú sókè. “Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ìwọ tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní dígí. Jẹ́ n ráyè, mo níṣẹ́ lọ́wọ́.”

Ó kí i, ó jáde. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, títí kan Kíákíá. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá, ó ń rò ó pé bóyá òun ti bu àgbàlagbà kù lásán. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bá bàbá náà nídìí àtẹ̀gùn, sukudiráfà kékeré lọ́wọ́ kan, aṣọ òwú mímọ́ lọ́wọ́ kejì.

“Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n,” ni bàbá wí. “Ìwọ ni kó o gbé e.”

Wọ́n jọ gòkè. Bàbá tú òrùka irin tó di dígí náà mú, Àǹtí Awò fi ìka méjì gbá dígí náà létí mú, ó yí i padà, ó sì rọra tì í sáyè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dojú awò kọ oòrùn, etí àwòrán náà gún bí ohun tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé. Àwọn àmì tín-ín-tín-ín yọ bí èèrà. Bàbá Láàbù ka mọ́kànlá. Ó tún un kà, ó sì jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

“Ọdún mẹ́ta,” ló ń wí.

“Bàbá, ó ń ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa náà. Èmi náà ti fi dígí ọ̀tún sí òsì rí, oníbàárà sì wọ̀ ọ́ lọ sílé.”

“Kò mọ̀?”

“Ó ní orí ló ń fọ́ òun.”

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún lẹ́kíṣọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lẹ́kíṣọ̀ ní kí wọ́n yọ àwòrán ọdún mẹ́ta kúrò nínú àkọsílẹ̀, kí gbogbo kíláàsì sì tún iṣẹ́ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú ọ̀pọ̀ ọmọ kò dùn. Kíákíá kò kí Àǹtí Awò fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

“Ẹ ò bá ti sọ fún mi,” ló wí nígbà tó wá.

“Kí ni ǹ bá sọ? Pé kó o ya ohun tó o rí?”

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ mú ìwé ìṣirò yín wá.”

Àǹtí Awò yege ìṣirò náà níkẹyìn lọ́dún kẹrin, máàkì méjì péré ló fi kọjá ààlà. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sí lára àwọn tó dára jù. Bàbá rẹ̀ gbé e sójú fèrèsé, ó kà á láti òkè délẹ̀, ó sì ní, “Ó ti tó.”

Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò Bàbá Láàbù kò dúró pẹ́, ni ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí Àǹtí Awò wá gba iṣẹ́ náà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó kọ ibi tó yẹ kí ojú dígí kọ̀ọ̀kan dojú kọ sórí pépà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara àpótí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó pe Bàbá Láàbù lórí fóònù pé òun kò rí kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kẹta.

“Kò ní kọ́kọ́rọ́,” ni bàbá dá a lóhùn. “Fẹsẹ̀ gbá a nísàlẹ̀, lápá òsì.”