Oyin Bàbá Ògúnṣẹ̀yẹ Láàárín Odò

Kò sí ará Old Garage, l'Óṣogbo, tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Ògúnṣẹ̀yẹ lọ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà wolé-wolé, tòun ti ìkòkò oyin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Gáàdì réluwéè ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì ní 1966. Oyin tó ń sìn lẹ́yìnkùlé ló ta ìyàwó pásítọ̀ létè, ni Adédìran wolé-wolé bá pàṣẹ pé kó kó wọn kúrò láàárín ìlú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á dáná sun wọ́n.

Ó gbàgbé pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà lòun ń bá sọ̀rọ̀. Òṣómàáló ni bàbá tó bí Ògúnṣẹ̀yẹ. Aṣọ àwìn ló ń tà, bí ẹni tó ra aṣọ bá sì sá wọlé, yóò lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onítọ̀hún títí yóò fi jáde. Ọmọ ò jogún aṣọ kankan. Òṣòó ló jogún.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ dìde," Adédìran ń bẹ̀bẹ̀ lójú fèrèsé. "Mo fẹ́ lọ sí ọ́fíìsì."

"Máa lọ. Ta ló dì ọ́ mú?"

"Oyin wà lẹ́nu ọ̀nà, sà!"

"Ṣé o rí i? Àwọn náà ń wá ibi tí wọn yóò gbé. Sọ ibi tí mo lè kó wọn sí, ká lè jọ kúrò níbí."

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Adédìran pariwo pé, "Ẹ kó wọn síbi tí omi bá ti là wọ́n níyà kúrò lọ́dọ̀ èèyàn!" Ó rò pé kò sí irú ibẹ̀. Bàbá dìde, ó na orúnkún rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba.

Irú ibẹ̀ wà. Nísàlẹ̀ ìlú, odò Ọ̀ṣun pín sí méjì, ó fi erékùṣù kékeré kan sílẹ̀ láàárín, àpáta àti igi nìkan ló wà níbẹ̀. Bàbá bẹ Mùíbì apẹja pé kó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn ìkòkò náà. Julianah, ìyàwó Bàbá Ògúnṣẹ̀yẹ, ká ọwọ́ lérí létí odò.

"Bàbá Bándélé, ṣé àwọn oyin yín ò níyẹ̀ẹ́ ni? Wọn ò lè fò padà wálé?"

"Kí wọ́n fò. Omi ni wolé-wolé sọ, kò dárúkọ ìyẹ́."

Kí ọkọ̀ tó ṣí, ó kọ́kọ́ fọn fèrè gáàdì rẹ̀, ó ní ọkọ̀ kì í gbéra láìfọn fèrè. Wọn ò tíì dé àárín odò tí oyin kan fi ta Mùíbì lọ́rùn. Mùíbì bẹ́ sómi, tòun ti àjẹ̀. Ọmọrí ìkòkò ni bàbá fi wa ọkọ̀ náà dé erékùṣù.

Ẹ̀ẹ̀kan wà tí òjò rọ̀ rọ̀ rọ̀, tí odò kún bo gbogbo erékùṣù náà. Bàbá ti gun orí igi, ó so àwọn ìkòkò rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka. Mùíbì tún wa ọkọ̀ lọ.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kíákíá!"

"Àwọn oyin ni kó o kọ́kọ́ gbé."

"Láéláé!"

"Ó dáa, máa lọ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

Gbogbo èrò etí odò ń rẹ́rìn-ín. Julianah nìkan ni kò rín. Ẹ̀rù ń bà á, inú sì ń bí i. Nígbà tí omi fà, tí ọkọ rẹ̀ wálé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, ó fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Ní 1976, bàbá kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, Ọmọ́yẹlé àbúrò rẹ̀, tó ti Iléṣà wá, ní, "Ìyá Bándélé, ẹ jẹ́ ká dáná sun àwọn oyin yẹn. Ta ló kù tí yóò máa wọ odò?"

Ọdún pípẹ́ ni Julianah ti ń gbàdúrà pé kí àwọn oyin náà tán. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ya òun gan-an lẹ́nu.

"Ẹ ò ní í sun wọ́n. Èmi ni mo kù."

Lọ́jọ́ kejì ó wọ ọkọ̀ Mùíbì, ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nìyẹn. Oyin ta á lọ́wọ́, ó ta á létí, ṣùgbọ́n ó gé afárá kan jáde, ó sì jókòó sórí àpáta, ó ń jẹ ẹ́. Atẹ́gùn ń fẹ́, omi ń ṣàn lọ́tùn-ún lósì, kò sí ariwo ìlú kankan.

"Ọkọ mi," ó ń sọ ọ́ nínú omijé àti ẹ̀rín, "ẹ ò wí fún mi pé ibí yìí dára tó báyìí."

Mùíbì na àjẹ̀ sókè láti inú ọkọ̀. "Ìyá, ṣé ká máa lọ?"

"Bó o bá ń kánjú, máa lọ ná," ni Julianah dáhùn. "Èmi ò tíì ṣe tán."