Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Daddy Fi Ń Sùn

Títí di òní, bí fóònù ẹlòmíràn bá ń dún nítòsí mi, ara mi kì í balẹ̀. Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé London ni mo ń tọ́jú bàbá olówó kan ní Woolwich, nínú fúláàtì ńlá tó kọjú sí odò. Olóyè pàtàkì ni wọ́n nílùú wọn. Daddy ni mò ń pè wọ́n. Láti Thamesmead ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ láràárọ̀, mo sì rò pé mo gbọ́n gan-an nígbà náà. Iṣẹ́ yẹn ni físà mi rọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá lé mi níbẹ̀, ilé yá nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo dé, mo bá Daddy lórí ibùsùn, ara wọn ti tutù. Mo pe áńbúlánsì, mo pe ọmọbìnrin wọn àgbà, Auntie. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbé òkú lọ. Ká ní tálákà ni Daddy ni, ibẹ̀ ni ì bá parí sí.

Auntie fà mí sí kọ̀rọ̀. “Please, a ò tíì túfọ̀ o. Kábíyèsí gbọ́dọ̀ gbọ́ first, àwọn brothers mi náà gbọ́dọ̀ ti wọlé. Anybody tó bá call, just say Daddy ń sùn.”

“Auntie, ṣé gbogbo ìgbà ni wọ́n á máa sùn ni?”

“They're old. Wọ́n máa ń sùn.”

Mo gbà. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti fóònù òkú. Àwọn olóyè pè, pásítọ̀ pè, ọkùnrin kan tó ń wá kọ́ńtíráàtì pè lẹ́ẹ̀mẹfà. Nígbà tó yá, mo ń fi tèmi kún un, pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ògì tán ni. Ta ló bi mí léèrè ògì?

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n Daddy obìnrin pè láti Ìbàdàn. Màmá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ Daddy kò fi fẹ́ kí Màmá gbọ́ lórí fóònù. Wọ́n ní, “Má jí i. Gbé fóònù sí i létí, kí n gbàdúrà fún un.” Mo gbé fóònù sórí ìrọ̀rí. Màmá gbàdúrà ẹ̀mí gígùn títí ó fi rẹ̀ wọ́n, èmi náà sì ń ṣe àmín.

Nígbà tí wọ́n túfọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ pé ọjọ́ Ajé ni Daddy kú, Màmá ní irọ́ ni. Wọ́n ní àbúrò àwọn ṣì wà láàyè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, olùtọ́jú rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹnì kan ló pa á. Àwọn ọmọkùnrin Daddy gba ọ̀rọ̀ Màmá gbọ́, wọ́n gba lọ́yà, wọ́n kọ̀wé sí ọlọ́pàá. Ilé iṣẹ́ olùtọ́jú tó gbà mí síṣẹ́ ní kí n lọ jókòó sílé ná. Ọlọ́pàá bi mí pé báwo ni òkú ṣe mu ògì. Mo wo Auntie. Auntie wo fèrèsé.

“I don't know why she said that,” ni Auntie wí. Inú bí mi débi pé omijé bọ́ lójú mi.

Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi jókòó sílé pẹ̀lú ìbẹ̀rù kí èsì àyẹ̀wò òkú tó dé. Ọkàn Daddy ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró, kò sí ẹni tó pa wọ́n. Wọ́n dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́. Auntie fi “God is faithful” ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó tán.

Màmá ti wá sí London nígbà náà, wọ́n sì ní kí n wá. Gbogbo ẹbí ló jókòó sí pálọ̀.

“Ọmọ mi, ṣé àbúrò mi gbọ́ àdúrà yẹn?”

Auntie ń ṣẹ́jú sí mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i, mo kúnlẹ̀.

“Rárá, Mummy. Wọ́n ti gbé wọn lọ láti àná ọjọ́ náà. Ìrọ̀rí ni mo gbé fóònù lé. Ẹ dárí jì mí.”

Màmá ní, “Ó ti kú lóòótọ́ nìyẹn.” Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún, nítorí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé, ìjà ni wọ́n ń jà.

Mo ṣì ń bínú sí Auntie. Nínú ìbínú náà, mo máa ń rántí pé kí n sọ pé Daddy ń sùn ni wọ́n rán mi. Kò sí ẹni tó rán mi pé kí n ṣe àmín.