Fèrèsé tí Zofka Ṣí sí Ojú Ìjì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé afẹ́fẹ́ kò ní ojú, ẹ ní kó wá bá mi ní àfonífojì Vipava, kó dúró sí ẹnu ọ̀nà mi nínú oṣù kejì ọdún, kí burja wò ó lójú kòró. Burja ni ìjì tiwa. Orí òkè Nanos ló ti máa ń já wálẹ̀ bí akọ màlúù tó já okùn. Mo ti rí i tó da ọkọ̀ akẹ́rù dé bí ẹni da abọ́ dé. Mo ti rí i tó ká omi odò kúrò nílẹ̀, tí àwọn ẹja dùbúlẹ̀ tí wọ́n ń wo ara wọn. Ìyàwó mi ní kò sí ẹja tó ń wo ara wọn. Ìyàwó mi kò sí níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí burja bá fẹ́ tán, ẹni tó bá ṣì rí adìẹ náà fúnra rẹ̀ la máa ń kí kú oríire.

Ọdún tí iná mànàmáná kọ́kọ́ wọ abúlé wa ni Ferdo, aládùúgbò mi, gbé Zofka níyàwó. Ẹ̀yìn òkè ni Zofka ti wá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń fẹ́ tíì gbígbóná. Ó ga, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí àwọn òkúta tí a tò sórí òrùlé wa kí burja má baà ṣí i lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó orí àgbò, ẹ̀rín pa á títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará ibí, ṣé òkúta lẹ̀ ń sá sóòrùn ni?"

Karlina, ìyá ọkọ rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Rẹ́rìn-ín dáadáa, ìyàwó. Eyín tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, burja á wá kà á."

Ilé ìdáná Karlina ṣókùnkùn bí inú ìkòkò. Ògiri tó kọjú sí òkè kò ní ihò kankan, àní èyí tí eèrà lè gbà kò sí. Bí gbogbo ilé wa ṣe rí nìyẹn. Àwọn baba ńlá wa kò bá burja jà. Wọ́n kẹ̀yìn sí i bí ẹni kẹ̀yìn sí àna tó ń wá ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn òkè yẹn ni ìyá Zofka wà. Inú òkùnkùn yẹn ló ti ń bó ọ̀dùnkún lójoojúmọ́, tí kò lè rí òkè náà sójú.

Nígbà tí èso àjàrà pọ́n, Karlina àti Ferdo lọ bá ẹ̀gbọ́n Karlina ká tirẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọn ò tíì dé ìkòríta tí Zofka fi wá fà mí wọ ilé ìdáná Karlina. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, bíríkìlà ni mí, mo sì rò pé mi ò lè gọ̀ ju bí mo ṣe gọ̀ lọ mọ́.

"Drejc, wá bá mi dá fèrèsé sí ògiri yìí."

"Ògiri wo?"

"Èyí tí mo fọwọ́ lé yìí."

"Zofka, o ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ògiri yẹn."

"Òkè ló wà níbẹ̀. Àbí afẹ́fẹ́ lásán ló ń ba géńdé bíi tìẹ lẹ́rù?"

Ó tún gbé abọ́ jota kan síwájú mi, ọbẹ̀ ẹ̀wà àti ewébẹ̀ kíkan tó ń hó, tí ọ̀rá ẹran ń tàn lójú rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ sọ òótọ́, ta ni yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, tí yóò jẹ ọbẹ̀ yẹn, tí kò ní gbé òòlù? Ọjọ́ méjì ni mo fi lu ògiri náà já. Nígbà tí òkúta tó gbẹ̀yìn jábọ́, Nanos yọ síta gbalaja, Zofka sì fọwọ́ bo ẹnu.

Karlina dé. Ó dúró ní àárín ilé ìdáná rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú.

"Ta ló ṣe eléyìí?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe wọlé."

"Ìmọ́lẹ̀ kẹ̀? Ẹnu lo là fún ilé mi. Burja á mọ ohun tó máa fi sí i."

Ferdo ní kí a dí i kíá. Karlina ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. "Ìyá ìyá ọkọ mi ló to òkúta sórí òrùlé yìí. Kò sí ẹyọ amọ̀ òrùlé kan tó já níbẹ̀ rí. Ìyàwó, bí ẹyọ kan péré bá já nítorí fèrèsé yìí, wàá kó ẹrù rẹ, wàá gba ẹ̀yìn òkè lọ. Burja ni yóò dá ẹjọ́ náà."

Ferdo ń wo bàtà rẹ̀. Zofka ń wo Ferdo. Èmi, mo ń wá ọ̀nà ẹnu ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà ni Zofka kò ti fi ọ̀rọ̀ òkúta ṣe ẹ̀rín mọ́. Ó ń gun òrùlé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ń ti òkúta síbi tó yẹ, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹyọ amọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo kan pákó fún fèrèsé náà. A pa ẹlẹ́dẹ̀, a fi iyọ̀ ra itan rẹ̀ méjèèjì, a fi wọ́n kọ́ sábẹ́ àjà ilé ìdáná.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Karlina bọ́ síta, ó wòkè, ó ní, "Ó ti dé fìlà." Lóòótọ́, ìkùukùu funfun kan ti bo orí Nanos, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò mì, àmì pé burja ń bọ̀. Mo sáré lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìṣó mẹ́jọ, ọkàn mi ń dá mi lẹ́bi, mo kan pákó náà mọ́ ògiri.

Ìṣó mẹ́jọ! Burja fa wọn yọ bí ẹni fa irun imú.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ohun tó wọlé. Bí ẹni pé òkè náà fúnra rẹ̀ mí sínú ilé. Èmi àti Ferdo gbé tábìlì dí ojú fèrèsé. Tábìlì, Ferdo àti èmi, a jọ dé ògiri kejì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wòkè, mo sì rí òrùlé tó ń wú, tó ń sọ̀, tó tún ń wú bí àyà ẹni tó ń sùn. Àwọn òkúta ń jó lókè. Karlina jókòó ti ààrò, ó di ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà mú, ó ní, "Kó parí iṣẹ́ rẹ̀."

Zofka ń wo òrùlé. Lójijì ló pariwo, "Kò rọ́nà jáde ni! Kò rọ́nà jáde!" Ó sì sáré lọ ṣí ilẹ̀kùn ìhà gúúsù àti gbogbo fèrèsé rẹ̀.

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?" Ferdo kígbe. "À ń lé olè, ìwọ ń ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un!"

"Àlejò tó bá wọlé tipátipá, ọ̀nà là ń fi hàn án! Gbá ògiri mú, jàre!"

Burja já gba àárín ilé kọjá. Ó kó aṣọ fèrèsé, ó kó abọ́, ó já gèlè Karlina, ó gbé ìkòkò jota lọ pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀. Abúlé kejì ni wọ́n ti rí i, ó ṣì gbóná. (Mo ti bi ìyàwó mi: kò sí níbẹ̀ náà.) Òrùlé sì rọra balẹ̀, bí ọmọ tí ibà ti kúrò lára rẹ̀.

Àwa mẹ́rin lẹ̀ mọ́ ògiri, a di ara wa lọ́wọ́ mú, ìjì sì ń ṣàn níwájú wa bí odò ńlá tí a kò lè rí. Burja ti gbá gbogbo ìkùukùu lọ. Nínú fèrèsé yẹn, Nanos dúró gbangba, yìnyín orí rẹ̀ ń kọ mànà, ojú ọ̀run lẹ́yìn rẹ̀ mọ́ débi pé ó dùn mí lójú. Mo gbójú sí Karlina. Irun funfun rẹ̀ dúró ṣánṣán, omijé ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀.

Ó ké sí mi létí pé, "Ogójì ọdún nínú ilé yìí, Drejc. Mi ò wò ó lójú rí."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi fẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ibi gbogbo dákẹ́ débi tí a fi ń gbọ́ mímí ara wa. Zofka ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí kan, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà, kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ferdo gun òrùlé. Ó pẹ́ lókè gan-an. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Kò sí èyí tó já," kò sì wo ojú ìyá rẹ̀.

Karlina yí ilé ká fúnra rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá tú koríko, àwa ń tẹ̀ lé e. Lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ẹyọ amọ̀ kan. Pupa, odidi ni, òrùlé rẹ̀ ló ti já. Zofka yíjú sí ibi tí àpótí rẹ̀ wà.

Karlina yí amọ̀ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó fi eteetí aṣọ nù ún.

Ó ní, "Èyí ti pẹ́ nílẹ̀. Láti ayé ọkọ mi ni. Mo mọ̀ ọ́n."

Ó gbé e lé Zofka lọ́wọ́. "Gun òrùlé lọ, dá a padà sáyè rẹ̀. Fi òkúta méjì lé e. Kí ẹnìkan gbé àpótí yẹn wọlé, ó ń dí mi lọ́nà." Ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ, òmùgọ̀ bíríkìlà, wá kan pákó tuntun fún fèrèsé mi. Pákó gidi o, kì í ṣe ìranù."