Ìgbálẹ̀ Ìyá Kékeré

Títí dòní, inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ láàárọ̀. Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì bàbá mi, ló máa ń gbálẹ̀ àgbàlá wa ní Sabon Gari, kí rélùwéè àárọ̀ tó fọn. Á máa gbálẹ̀, á máa kọrin.

Nígbà tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ kú, àwọn àgbà ní kò gbọdọ̀ sunkún: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Láti ìgbà náà, tó bá ti jí, á di ìgbálẹ̀ mú, á wá dúró sójú kan títí oòrùn á fi mú.

"Ọ̀lẹ!" Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, á tún fi Hausa sọ ọ́ kí aládùúgbò lè gbọ́: "Malalaciya!"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́."

Ọ̀lẹ kẹ̀? Ọ̀lẹ wo ló ń jí ṣáájú gbogbo ilé, tó ń lọ gbé ìgbálẹ̀?

Wọ́n dá a padà sí Ìlọrin, pé kí ìyá rẹ̀ tún un kọ́. Wọ́n di ìgbálẹ̀ náà mọ́ ẹrù rẹ̀. Ẹ ò rí ìkà!

Agbè ò fọ́, wọ́n ní. Nínú gbogbo wọn, ta ló tiẹ̀ gbé agbè náà wò?