Ọjọ́ Tí Mo Gba Ẹjọ́ Alága Rò

Ní ọ̀sán Sátidé, nígbà tí àwọn ẹlòmíì bá ń múra òde, ìjà ni àwa máa ń múra. Ìwé ni a ń jà lé lórí. Fìlọ́sọ́fì, ìmọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, ìtàn àròsọ, ewì: èyí tí ọwọ́ wa bá ti tẹ̀, a ó kà á, a ó sì bá a fa ọ̀rọ̀. Ibi tí a ti ń ṣe é ni gbọ̀ngàn àwọn onílé àdúgbò wa lẹ́yìn Ìkòtún, ilé gbọọrọ kan tó ní bẹ́ǹṣì àti fáànù kan tó ń ké bí ẹni tí inú ń run. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni àwọn onílé fúnra wọn ń lò ó. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún wa ní ìyókù láìgba nǹkan kan, nítorí pé àwa la ń gbá a.

Ayálégbé ni mí, òṣìṣẹ́ ìjọba sì ni mí. Mo wọ yunifásítì rí. Ọdún kejì ni mo wà tí bàbá mi fi ṣaláìsí, mo sì kó ẹrù mi wálé wá bá ìyá mi tọ́ àwọn àbúrò. Àwọn àbúrò yẹn ti kàwé gboyè tán, èmi ni mi ò padà. Àwọn èèyàn rò pé ebi ìwé máa ń kú fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá ti ń dàgbà. Irọ́ ni o. Tèmi kò kú, ó kàn dákẹ́ ni, ó ń wò mí. Nítorí náà, nígbà tí bàbá tíṣà tó ń gbé ní òpópónà kejì sí wa sọ fún mi pé àwọn kan ń pàdé kàwé, mi ò tilẹ̀ béèrè pé èrè wo ló wà níbẹ̀. Mo wọ bàtà mi, mo tẹ̀ lé e.

Ọmọ Èkìtì ni bàbá tíṣà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, òun ló sì máa ń ka Bíbélì fún ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tó wà ládùúgbò. Ẹni tí ó sábà máa ń bá a jiyàn jù ni alfa kan tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Àwa ìyókù kò pọ̀ ju èyí tí bẹ́ǹṣì méjì lè gbà lọ.

Bàbá yìí ló fún wa lófin. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà: gbogbo wa la mọ òwe yẹn láti kékeré, ṣùgbọ́n bàbá ní ká máa fi kàwé. Bí o bá fẹ́ ta ko èrò kan, ìbáà jẹ́ ti ẹni tó jókòó tì ọ́, ìbáà jẹ́ ti òǹkọ̀wé tó ti kú tipẹ́, o gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Wàá rò ó ní Yorùbá, wàá rò ó bí ẹni pé tìrẹ ni, títí àwọn tó kù yóò fi sọ pé, "Ó tó." Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, o ò gbọdọ̀ ta ko nǹkan kan.

Òfin yìí kọ́kọ́ fẹ́ẹ̀ pa mí, nítorí oníbìínú ni mí, mo sì fẹ́ràn kí n máa já lu ọ̀rọ̀. Òǹkọ̀wé kan wà tó ní ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù nínú ìfẹ́ tí ọmọ ní sí òbí rẹ̀. Mo pariwo, "Irọ́ gbuu!" Alfa rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ gba ẹjọ́ rẹ̀ rò ná." Mo rò ó, wọ́n ní kò tó. Mo tún un rò, wọ́n ní mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n fi gbà pé ó tó, ìbínú mi ti lọ sílẹ̀, mo sì ti rí ibi tí ọkùnrin náà ti jàre àti ibi tó ti jẹ̀bi. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo ń kọrin títí mo fi délé.

Òfin yìí kan náà ló kó bá wa.

Ní Sátidé kan tí ooru mú gan-an, a ṣí gbogbo fèrèsé. Ìwé tí a ń kà lọ́jọ́ náà, ẹni tó kọ ọ́ kò gbà pé Ọlọ́run wà. Bàbá tíṣà fẹ́ ta kò ó, nítorí náà ó di dandan kó gba ẹjọ́ rẹ̀ rò. Bàbá dìde. Ó gbé ohùn tíṣà jáde, ohùn tó máa ń dé òpin pápá ilé ìwé. "Ta ló rí Ọlọ́run rí nínú yín? Bó bá wà, tó sì lágbára, kí ló dé tí ọmọ tí kò ṣẹ̀ ń kú? Ẹ yéé tan ara yín jẹ!" Ó rò ó débi pé alfa di orí mú. A ní, "Ó tó, bàbá, ó tó!" Ìgbà náà ni bàbá wá jókòó, tí ó nu òógùn, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fèsì ní ohùn pẹ̀lẹ́.

Ṣùgbọ́n ìyá aránṣọ kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ògiri gbọ̀ngàn náà. Gbogbo ariwo yẹn ló gbọ́. Kò gbọ́ èsì.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé Ìpájà. Wọ́n ní bàbá tíṣà ti kọ Ọlọ́run sílẹ̀, wọ́n ní alfa náà ti bá a lọ, wọ́n ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wá. Àlùfáà ìjọ ránṣẹ́ pe bàbá, ó ní kó má tíì ka Bíbélì níwájú ìjọ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Bàbá kò sọ fún wa pé ó dun òun, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ sọ fún wa. Alága àwọn onílé fi àgádágodo ti gbọ̀ngàn, ó ní ká wá sí ìpàdé tí wọ́n ti pè tẹ́lẹ̀ lórí gọ́tà àdúgbò, níbẹ̀ ni wọn yóò ti lé wa kúrò pátápátá.

Níbo la fẹ́ lọ? Yàrá wa kò gbà wá, owó kò sí láti fi gba ibòmíràn. Fún ẹni tó ní yunifásítì, gbọ̀ngàn kan kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Fún èmi, ìlẹ̀kùn kejì nìyẹn tí wọ́n fẹ́ tì mọ́ mi lójú. Ti àkọ́kọ́, ikú ló tì í, mi ò lè bá ikú jà. Ti èyí, mo ní ká jọ wò ó.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Alága sọ̀rọ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá tíṣà dìde láti fèsì, wọ́n pariwo mọ́ ọn, "Ẹ jókòó, bàbá!" Àgbàlagbà bẹ́ẹ̀! Inú bí mi gidigidi. Mo jáde síwájú, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹjọ́ alága ni mo fẹ́ gbà rò." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà mí láàyè.

Mo dìde dúró. "Òógùn ojú wa la fi kọ́ gbọ̀ngàn yìí! Wọ́n ní ìwé ni àwọn fẹ́ kà, a fi àánú yá wọn. Àwọn ọmọ wa ń gba abẹ́ fèrèsé yìí kọjá lọ sí ilé kéwú, wọ́n ń gbà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ni wọ́n gbọ́? Àgbàlagbà tó ń pariwo pé kò sí Ọlọ́run! Bí àgbà bá ń sọ èyí, kí lọmọdé ó sọ? Bí ó bá sì di wàhálà lọ́la, ta ni wọn ó mú? Ṣé ayálégbé ni, àbí àwa onílé? Ẹ gba gbọ̀ngàn yín lọ́wọ́ wọn!"

Wọ́n hó yèè. Ẹnìkan kígbe pé, "Ó ti jẹ́wọ́!" Ojú bàbá tíṣà nìkan ni mo wò nínú gbogbo wọn. Ó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo yíjú sí alága. "Alága, sà, ṣé ó tó?"

"Ó tó kẹ̀! O sọ ọ́ ju bí èmi fúnra mi ṣe sọ ọ́ lọ."

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ kí ẹ gba gbọ̀ngàn lọ́wọ́ wa?"

Àwọn tó ń hó wo ara wọn lójú.

"Rárá o," mo ní. "Ẹjọ́ yín ni mo bá yín rò, kí ẹ lè mọ̀ pé mo gbọ́ yín. Ohun tí bàbá yìí ṣe lọ́jọ́ yẹn gan-an nìyẹn. Ẹjọ́ aláìgbàgbọ́ ló gbà rò, kó tó fún un lésì."

Alága yíjú sí ìyá aránṣọ tó wà láàárín èrò. "Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ èsì tó fún un?"

"Èmi? Èsì wo?" ni ìyá wí. "Mo ti sá lọ, jàre! Ẹ̀rù bà mí."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀. Alága náà gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó mi orí, ó ní, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá," gbogbo ilé sì gbè é pé, "Àgbà òṣìkà!" Ó ní òun kò fẹ́ jẹ́ àgbà òṣìkà lójú ayé òun. Ó ní, "Ṣùgbọ́n bàbá, èsì yẹn ńkọ́? Àwa náà fẹ́ gbọ́ ọ ṣá."

Báyìí ni bàbá tíṣà ṣe dìde lẹ́ẹ̀kejì, tí ẹnikẹ́ni kò ní kó jókòó. Ó ní ẹni tó ń bínú pé ayé kò dára, níbo ló ti rí òṣùwọ̀n tó fi wọn ayé, bí kò bá sí Ọlọ́run? Onílé kan ta kò ó. Alfa ní kí onílé náà kọ́kọ́ gba ẹjọ́ bàbá rò. Ó rò ó, wọ́n ní kò tó! Ọ̀rọ̀ gọ́tà tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pe ìpàdé, kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ mọ́. Èmi jókòó sí ẹ̀yìn, mo ń wo gbogbo àwọn onílé tó ń jiyàn fìlọ́sọ́fì, orí mi sì wú. Mo ní, bàbá mi, ẹ wá wò mí, mo ti padà síbi ìwé.

Àlùfáà gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, bàbá tíṣà sì tún ka Bíbélì níwájú ìjọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Ní Sátidé, alága fún wa ní kọ́kọ́rọ́, a ṣí gbọ̀ngàn, a gbá a, a bẹ̀rẹ̀. Ìyá aránṣọ ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sún mọ́ abẹ́ fèrèsé. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ti gba ẹjọ́ òǹkọ̀wé rò, wọ́n ti ní ó tó, mo sì rẹ ohùn sílẹ̀ láti fún un lésì, ni ẹ̀rọ bá dákẹ́ níta.

"Àǹtí, ẹ gbóhùn sókè!" ni ìyá pariwo. "Èsì yẹn gan-an ni mo dúró gbọ́."